Ṣé O Mọ̀? Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà Lójú Títì Ìlú Ọba

Ṣé o mọ̀ pé láísẹ́ǹsì Nàìjíríà tó o gbé wọ Ìlú Ọba kì í ṣe bébà lásán? Òfin gbà ọ́ láyè láti fi wa mọ́tò kékeré tàbí alùpùpù fún oṣù 12, láìlẹ pátákó L ti akọ́wakọ̀ mọ́ ọkọ̀, láìsí ọ̀gá tó jókòó tì ọ́. Ìbáà ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́, ìbáà ṣe nọ́ọ̀sì, ìbáà ṣe ìyá tó wá tọ́jú ọmọ ọmọ rẹ̀. Kí láísẹ́ǹsì náà má tíì kú nílé ni kókó.

Ṣé o mọ ọjọ́ tí wọ́n ti ń ka oṣù 12 náà? Ibi tí wàhálà wà nìyí. Kì í ṣe ọjọ́ tó o ra ọkọ̀. Kì í ṣe ọjọ́ tó o sanwó ìnṣọ́ránsì. Fún ẹni tó wá gbé níbẹ̀, ọjọ́ tó dé láti máa gbé níbẹ̀ ni.

Ṣírò rẹ̀ wò. Ẹnì kan dé ní oṣù kìíní. Bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ títí ó fi rówó ra mọ́tò ní oṣù kẹfà, ó sì san ìnṣọ́ránsì ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, torí ẹni tó bá ń san án lóṣooṣù sábà máa ń san èlé lé e. Ìnṣọ́ránsì yóò parí ní oṣù kẹfà ọdún tó ń bọ̀. Àṣẹ tó ní láti fi láísẹ́ǹsì Nàìjíríà wakọ̀ yóò parí ní oṣù kìíní. Oṣù márùn-ún gbáko ló wà láàárín méjèèjì, kò sì sí ẹni tó máa pè é lórí fóònù láti kìlọ̀ fún un. Ilé iṣẹ́ adójútòfò ti gbowó. Ọlọ́pàá ò tíì dá a dúró. Ẹ́ńjìnnì ń ké dáadáa. Ojú lásán ò lè rí i pé nǹkan kan ti yí padà.

Ṣé o mọ̀ pé bó o bá lọ ṣọdún Kérésì ní Abẹ́òkúta kó o tó padà, wọn ò ní tìtorí ìyẹn bẹ̀rẹ̀ kíkà tuntun? Ìrìn àjò lo lọ; ibùgbé rẹ ò yí padà. Àwọn kan ń tan ara wọn jẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, òǹtẹ̀ tuntun inú ìwé ìrìnnà ni wọ́n sì ń nà sókè bí ẹ̀rí.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ South Africa àti ọmọ Zimbabwe lè fi láísẹ́ǹsì wọn gba ti Ìlú Ọba láìṣe ìdánwò kankan, tí wọ́n bá ṣe é kó tó pé ọdún márùn-ún tí wọ́n ti ń gbé níbẹ̀? Orílẹ̀-èdè wọn wà nínú àwọn tí ìjọba Ìlú Ọba fọwọ́ sí ètò ìwakọ̀ wọn. Japan wà níbẹ̀, Barbados wà níbẹ̀. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Àwa ní láti gba provisional, ìyẹn láísẹ́ǹsì akọ́wakọ̀, £34 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdánwò inú kọ̀ǹpútà, £23. Ìdánwò ojú títì, £62 láàárín ọ̀sẹ̀. Bó o bá yege nínú ti kọ̀ǹpútà, ọdún méjì péré ni èsì náà fi wúlò. Ìlà sì gùn fún ìdánwò ojú títì, ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé kó gba provisional kó tó ra kóòtù òtútù kejì.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà kan rí, Ìlú Ọba ti ń fipá béèrè ìnṣọ́ránsì lọ́wọ́ awakọ̀ kí wọ́n tó béèrè bóyá ó mọ ọkọ̀ wà? Òfin ọdún 1930 ló sọ ìnṣọ́ránsì ẹni-kẹta di dandan. Ìdánwò ìwakọ̀ ò di dandan títí di ọdún 1935. Ọdún bíi mélòó kan wà láàárín tó jẹ́ pé ẹni tí kò mọ bíréèkì yàtọ̀ sí kílọ́ọ̀ṣì lè gun orí títì, kó ṣáà ti ní ìwé pé wọn yóò sanwó fún ẹni tó bá gbá.

Ìnṣọ́ránsì wọ Nàìjíríà láti ọwọ́ àwọn kan náà: òfin tiwa lórí ẹni-kẹta, ọdún 1945 ni.

Ṣé o mọ̀ pé bàbá tó kọ́ ọkọ̀ wíwà ní Ìbàdàn ní ọdún 1965 ò ní rí ojú títì London bí àjèjì? Apá òsì làwa náà ń gbà nígbà náà. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kó lọ sápá ọ̀tún. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti ń wa ọkọ̀ láti Ojúẹlẹ́gba dé Ìyànà Ìpájà ni wọ́n máa dé oríta róńdábáòtù Ìlú Ọba tí ọwọ́ wọn yóò máa fà sí apá ibi tó lòdì.

Ó dáa, ká padà sórí owó. Ṣé o mọ ìdí tí wọ́n fi ń bu iye tó ń dáyà foni fún ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ilẹ̀ òkèèrè? Wọn ò mọ̀ ọ́. Bí o bá ní láísẹ́ǹsì Ìlú Ọba, nọ́ńbà rẹ̀ nìkan tó kí kọ̀ǹpútà adójútòfò fi rí ọjọ́ tó o gbà á àti póìǹtì ẹ̀ṣẹ̀ tó wà lórí rẹ̀. Bí o bá ní ti Nàìjíríà, òkùnkùn ni wọ́n ń wò. Ogún ọdún tó o fi wakọ̀ láàárín Ojọ́ọ̀ àti Sángo láìfara kan kẹ̀kẹ́ ológeere, kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí tí wọ́n lè ṣí wò. Ẹ̀dínwó tí wọ́n ń fún ẹni tí kò béèrè owó jàǹbá rí, ọ̀pọ̀ wọn kì í ka ọdún tó o lò nílé mọ́ ọn, bó ti wù kí lẹ́tà tó o gbà láti Èkó dára tó. Èmi ò sọ pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó yege láná ní Leeds ní ọmọ ọdún 18 ń sanwó gọbọi, ìwọ tó o ti lé ní 40 náà sì lè bá ara rẹ ní tòsí rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tó ń gbé owó sókè: postcode ibi tí mọ́tò ń sùn, bí ẹ́ńjìnnì ṣe lágbára tó, iṣẹ́ tó ò ń ṣe, iye máìlì tó ò ń rìn lọ́dún. Ìjọba náà ń mú tirẹ̀, owó orí 12% lórí gbogbo rẹ̀, láti ọdún 2017. Bóyá ọkùnrin ni ọ́ tàbí obìnrin kò sí nínú rẹ̀ mọ́: láti ọjọ́ 21 oṣù kejìlá ọdún 2012 ni wọn ò ti gbọdọ̀ fi ìyẹn díye lé ènìyàn, lẹ́yìn ìdájọ́ ilé ẹjọ́ gíga Yúróòpù.

Ṣé o mọ̀ pé ní Ìlú Ọba, ènìyàn ni ìnṣọ́ránsì ń tẹ̀ lé, tí kì í ṣe ọkọ̀? Ohun tó ń kó ọ̀pọ̀ àwa Yorùbá sí yọ́ọ́yọ́ nìyí. Nílé, mọ́tò ló ní pátíkúlà. Ẹni tí olówó ọkọ̀ bá fún ní kọ́kọ́rọ́, dẹ́rẹ́bà ni o, àbúrò ìyàwó ni o, ìwé náà sábà máa ń bò ó. Níbẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni ìwé mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan ní Manchester wá ju kọ́kọ́rọ́ sí àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìkòròdú: "Sáré lọ bá mi ra búrẹ́dì wá." Bí orúkọ àbúrò ò bá sí nínú ìwé, ó ti ṣẹ̀ sófin kó tó dé ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì. Ẹ̀gbọ́n tó jókòó sílé tó ń wo bọ́ọ̀lù náà ti ṣẹ̀. Òfin ìrìnnà ojú pópó ọdún 1988, abala 143, kò ya ẹni tó wa ọkọ̀ láìní ìnṣọ́ránsì sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó gbà á láyè láti wà á. Póìǹtì lè bọ́ sórí àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́jú díẹ̀ lórí fóònù ló máa gbà láti ra ìnṣọ́ránsì onígbà díẹ̀ fún àbúrò, wákàtí mélòó kan tàbí ọjọ́ mélòó kan, àwọn kan tó ń tà á sì ń gba láísẹ́ǹsì ilẹ̀ òkèèrè. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ẹ̀gbọ́n pé kó kọ́kọ́ ṣe ìyẹn kí búrẹ́dì tó wọlé?

"Ṣebí comprehensive ni tèmi, ó bò mí nínú ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi." Kò dájú. Ọ̀pọ̀ ìwé lóde òní ni kò ní àǹfààní yẹn mọ́, èyí tó sì ní i, ti ẹni-kẹta nìkan ló máa ń jẹ́: bó o bá fọ́ ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ, ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ lẹ jọ máa yanjú rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé kámẹ́rà ló ń béèrè pátíkúlà níbẹ̀? Bébà róbótó tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú láti fi hàn pé wọ́n ti san owó orí ọkọ̀, wọ́n ti pa á rẹ́ láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2014. Kámẹ́rà ọlọ́pàá ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ bó ṣe ń kọjá, ó ń bá ìwé àkọsílẹ̀ ìnṣọ́ránsì gbogbo orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀, ìdáhùn sì ti dé kó o tó yí gíláàsì sílẹ̀. Kò sí àyè fún "ọ̀gá mi, ẹ ṣàánú wa."

Ìjìyà ńkọ́? £300 àti póìǹtì mẹ́fà lójú ẹsẹ̀. Bó bá dé ilé ẹjọ́, owó ìtanràn náà ò ní gbèdéke, wọ́n sì lè gba àṣẹ ìwakọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Wọ́n lè wọ́ mọ́tò lọ, kó o san owó wíwọ́ àti owó ibi tó sùn, kó o sì fi ìnṣọ́ránsì tó péye hàn kó o tó gbà á. Èyí tí olówó rẹ̀ ò bá wá gbà, wọ́n ń rún un mọ́lẹ̀. Àmì ẹ̀ṣẹ̀ náà, IN10 ni wọ́n ń pè é, yóò wà nínú àkọsílẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Má sì rò pé ẹni tí kò ní láísẹ́ǹsì Ìlú Ọba ti bọ́: DVLA, àjọ tó ń rí sí láísẹ́ǹsì níbẹ̀, yóò ṣí àkọsílẹ̀ tuntun fún un kí póìǹtì lè ríbi jókòó.

Èyí tó wá burú jù: ẹni tó bá yege ìdánwò rẹ̀, tó sì gba póìǹtì mẹ́fà láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, láísẹ́ǹsì rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Yóò padà sórí provisional, yóò tún àwọn ìdánwò méjèèjì ṣe. Póìǹtì mẹ́fà sì ni ẹ̀ṣẹ̀ ìnṣọ́ránsì kan ṣoṣo.

Ṣé o mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí oṣù 12 bá ti kọjá, tí ìnṣọ́ránsì ṣì wà, tó o wá gbá ẹnì kan? Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé adójútòfò yóò kàn ní "kò kàn wá." Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fara pa. Bí ilé ẹjọ́ bá ti dá a láre, abala 151 nínú òfin 1988 yẹn ní kí adójútòfò sanwó fún un, àní bí awakọ̀ ò bá ní láísẹ́ǹsì tó tọ́. Àwọn aṣòfin ò fẹ́ kí ẹni tó ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ fara gbá ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n àánú náà parí síbẹ̀. Adójútòfò lè yíjú sí ìwọ awakọ̀, kó ní kó o san owó òun padà. Ìnṣọ́ránsì ẹni-kẹta Ìlú Ọba ò ní gbèdéke lórí owó ara ènìyàn tó bá fara pa. Ọgbẹ́ ọpọlọ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn lè gba mílíọ̀nù pọ́ùn. Mọ́tò tìrẹ tó fọ́? Wọ́n lè ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí.

Bí awakọ̀ ò bá wá ní ìnṣọ́ránsì rárá, tàbí tó gbáni tán tó sá lọ, ẹgbẹ́ kan tí àwọn adójútòfò dá sílẹ̀ ní ọdún 1946, tí wọ́n ń pè ní MIB, ló ń sanwó fún ẹni tó fara pa. Inú owó tí àwọn tó ń san ìnṣọ́ránsì ń san ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

Ṣé o mọ̀ pé olùtọ́jú àgbàlagbà tó ń ti ilé bàbá kan bọ́ sí ilé ìyá kan láàárọ̀ nílò ju ìnṣọ́ránsì lásán lọ? Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ìnṣọ́ránsì tó kéré jù, ti fàájì àti ìrìn ìdílé ni. Èyí tó tẹ̀ lé e fi ìrìn láti ilé sí ibi iṣẹ́ kan ṣoṣo kún un. Ẹni tó ń lọ sí ojúlé mẹ́fà lóòjọ́, ti òwò ló yẹ kó rà. Ẹni tó sì ń gbé oúnjẹ kiri fún oníbàárà lálẹ́, tirẹ̀ tún yàtọ̀ pátápátá. Ẹ̀sìn àti oore ò sí lára rẹ̀ o: bó o bá ń gbé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì lọ sílé, tí wọ́n ń dá owó epo, tí ẹ ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, tí owó náà kò sì ju ìnáwó ọkọ̀ lọ, òfin kò kà ọ́ sí oníkabúkabú.

Irọ́ ńkọ́? Nígbà tó o bá ń béèrè iye, wọn yóò bi ọ́ irú láísẹ́ǹsì tó o ní. Ẹni tó bá tẹ "Full UK" torí kí owó lè wálẹ̀, ihò ló ń gbẹ́ fún ara rẹ̀. Òfin kan tó jáde ní ọdún 2012 sọ pé bí oníbàárà bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́, adójútòfò lè fagi lé àdéhùn láti ìpìlẹ̀, kó sì di owó tó ti gbà mú. Bó bá ṣe àìfarabalẹ̀ ni, wọ́n lè gé owó tí wọn ì bá san fún un kù. Bákan náà ni ti àdírẹ́sì ìbátan tó wà ní abúlé, tí mọ́tò sì ń sùn ní Peckham. Bákan náà ni ti bàbá tó forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ jù, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ ló ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra ìnṣọ́ránsì lọ́wọ́ "bọ̀dá kan lórí WhatsApp," ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn alágbàtà ayédèrú wọ̀nyí ń lo ẹ̀tàn mẹ́ta? Àwọn kan ń ya ìwé láti inú òfìfo. Àwọn kan ń rà á lóòótọ́ ṣùgbọ́n wọ́n á purọ́ nípa rẹ kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀. Àwọn kẹta á rà á, wọ́n á fún ọ níwèé, wọ́n á fagi lé e lọ́jọ́ kejì, wọ́n á gba owó padà sápò. Ìkànnì MIB wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó o bá tẹ nọ́ńbà mọ́tò rẹ síbẹ̀, wàá mọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bóyá orúkọ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀.

Ìwé ìwakọ̀ àgbáyé, IDP, kì í fi ọjọ́ kan kún oṣù 12 rẹ. Ìtumọ̀ láísẹ́ǹsì rẹ sí oríṣiríṣi èdè ni. Láìsí láísẹ́ǹsì gan-an lọ́wọ́, kò ní iṣẹ́ kankan.

Bó o bá ré òkun kọjá sí Amẹ́ríkà, gbogbo rẹ̀ tún dàrú, torí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ẹni tó bá kó lọ máa gbé Texas ní ọjọ́ 90 láti fi gba láísẹ́ǹsì ibẹ̀. California, ọjọ́ mẹ́wàá. Massachusetts ló kọ́kọ́ sọ ìnṣọ́ránsì di dandan, ní ọdún 1927; New Hampshire ò tíì sọ ọ́ di dandan títí dòní. Ìyá tó wá láti Ọ̀ṣun wá bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó ní Houston lè rí i pé ìnṣọ́ránsì ọmọ bo òun bó bá gbà òun láyè láti wakọ̀, torí níbẹ̀ ọkọ̀ ni ìwé sábà ń tẹ̀ lé, bíi ti ilé. Àmọ́ bó bá ti di ará ilé, tó ń wà á lemọ́lemọ́, adójútòfò fẹ́ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àwa náà ní ìwé ìnṣọ́ránsì tó ń ré ẹnubodè kọjá? Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Brown Card ti ECOWAS ní Cotonou ní oṣù karùn-ún ọdún 1982, Lomé sì ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ẹni tó bá fẹ́ gba Sẹ̀mẹ́ wọ Bẹ̀nẹ̀, yóò gba káàdì náà lọ́wọ́ adójútòfò tirẹ̀ ní Nàìjíríà. Bó bá gbá ẹnì kan ní Porto-Novo, òfin Bẹ̀nẹ̀ ni wọn yóò fi ṣírò owó rẹ̀. Ó dára ju kéèyàn máa bá alágbàtà ẹnubodè nájà lọ. Nílé gan-an, ₦15,000 ni ìnṣọ́ránsì ẹni-kẹta ọkọ̀ aládàáni láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí NAICOM, àjọ tó ń rí sí ìnṣọ́ránsì, fi kún un láti ₦5,000, ó sì ń bo ìbàjẹ́ dúkìá ẹlòmíràn dé ₦3 mílíọ̀nù.

Èyí tó kù: lẹ́yìn oṣù 12, ẹni tó bá ṣì fẹ́ di ọkọ̀ mú ní Ìlú Ọba ti di akọ́wakọ̀. Pátákó L, ẹni tó ti lé ní ọdún 21 tó sì ti ní láísẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ìnṣọ́ránsì tó mọ̀ pé akọ́wakọ̀ ni. Ṣé o sì mọ̀ pé oríṣi ìnṣọ́ránsì akọ́wakọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú tí wọ́n bá kéde pé o yege ló kú? O wọ ọgbà ìdánwò pẹ̀lú ìnṣọ́ránsì, o gba ìwé àṣeyọrí, ó sì ti lòdì sófin kó o wa ọkọ̀ yẹn jáde. Kí o pe adójútòfò láti inú ọgbà níbẹ̀, tàbí kí o fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tó bá ọ wá lọ́wọ́, bó bá jẹ́ pé orúkọ tirẹ̀ wà nínú ìwé.